Ooru Tí Wọn Ò Sọ fún Mi ní Ṣakí

Bí ènìyàn bá bi mí léèrè ohun tí mo rí ní Àbíjàn, mo máa ń sọ pé ìbínú ni mo rí níbẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà, nítorí gbogbo ẹni tó bá ti ọ̀hún dé, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná tí kì í kú ló máa ń sọ, àti títì tó ń dán, àti búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń há mọ́ abíyá bí igi ìdáná. Mo rí gbogbo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbínú ni mo gbé bọ̀ wálé, mi ò sì tíì rí ibi tí mo fẹ́ sọ̀ ọ́ sí.

Èmi kì í ṣe ọmọdé nígbà tí mo lọ. Ọkọ mi, Bàbá Ràfíù, ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ó ń ta abọ́ tánganran. Bí ọdún Iléyá bá dé, á wá sílé ní Ṣakí, á fún mi lóyún, á sì padà. Èmi ni mo tọ́ àwọn ọmọ. Mò ń ṣe elùbọ́: mo máa ń rìn lọ sí oko lọ ra iṣu, mo máa ń rù ú bọ̀, mo máa ń bó o, mo máa ń bọ̀ ọ́, mo máa ń sá a sórí àpáta. Nígbà tí àbígbẹ̀yìn wa, Rámátù, wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí ilé wá dá, ọkọ mi ránṣẹ́ pé ìyà tí mo jẹ tó gẹ́ẹ́, kí n máa bọ̀ wá jẹ ìgbádùn lọ́dọ̀ òun. Inú mi dùn. Mo kí gbogbo agbo ilé pé ó dìgbóṣe.

Ohun àkọ́kọ́ tó bà mí lẹ́rù lọ́hùn-ún ni pé mi ò rí òkè kankan. Ní Ṣakí, ibi yòówù kí o kọjú sí, o ò ní ṣàì rí àpáta. Ní Àbíjàn, omi ni. Ọ̀sà ló yí wa ká, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ ara bí aṣọ tí kò gbẹ tí ènìyàn wọ̀ jáde. Ilé tí a ń gbé jẹ́ ilé alájà, àwa ayálégbé kún inú rẹ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnìkan kì í béèrè bí ẹnìkejì ṣe jí. Lọ́jà, ọmọbìnrin kan tó ń ta ẹja wo ilà tó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní Ànàgó ni mí, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún. Mi ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo gbọ́ bí ó ṣe pe orúkọ yẹn. Ó pè é bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ọbẹ̀.

Iṣẹ́ tí ọkọ mi wá fún mi ni kí n jókòó. Mo ń sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Mo máa ń jókòó sẹ́yìn abọ́ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bí mo bá fẹ́ gbé ẹrù, á ní kí n fi sílẹ̀, pé aya ọlọ́jà ńlá kì í ru ẹrù, pé àwọn alábàárù wà fún un. Bí mo bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, á ní ọkọ̀ wà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò jókòó rí. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí i, kí n má parọ́. Mo sanra. Àwọn tó wá láti ilé ní àlàáfíà ti bá mi. Ṣùgbọ́n orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí, ọkàn mi sì máa ń wúwo láìnídìí, débi pé mo lè máa wo abọ́ tánganran kí omi máa bọ́ lójú mi.

Lẹ́yìn náà ni ooru dé.

Mò ń to abọ́ fún oníbàárà kan lọ́sàn-án. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àyà mi, ó gun ọrùn, ó bo gbogbo ojú mi, àfi bí ẹni tí wọ́n ṣí ìkòkò ògì gbígbóná sí. Òógùn bò mí. Àyà mi ń lù kì-kì-kì. Kí n tó rí nǹkan fẹ́ ara mi, ó ti lọ, òtútù sì ń mú mi. Oníbàárà náà fi abọ́ sílẹ̀, ó bá ti rẹ̀ lọ. Ó rò pé àìsàn tó ń ràn ni.

Nǹkan oṣù mi ti ń ṣe ségesège ṣáájú ìgbà náà. Ó lè wá lóṣù yìí kó má wá lóṣù tó tẹ̀lé e, títí ó fi dáwọ́ dúró pátápátá. Mo mọ̀ pé bó bá dáwọ́ dúró, ọmọ bíbí parí nìyẹn. Ohun tí mo mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé ara lè máa jóná nítorí rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé oorun lè sá fún ènìyàn, tàbí pé ènìyàn lè bọ́ sí yàrá kó gbàgbé ohun tó wá mú. Ọkọ mi ní ibà ni. Ó ra oògùn ibà, mo lò ó. Nígbà tí kò lọ, ó kó ẹní rẹ̀ kúrò ní yàrá mi, ó ní ibùsùn mi ti di odò. Ó sọ ọ́ níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi mímu fún wọn lọ́jọ́ náà.

Àwa obìnrin ará Ṣakí máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú láti ṣe àdúrà. Olórí wa ni Ìyá Músílíù, ìyá àgbà kan tó ti pẹ́ ní Àbíjàn ju gbogbo wa lọ. Lọ́jọ́ kan, àárín àdúrà ni ooru náà dé bá mi. Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo já gèlè, mo já ìborùn, mo sáré bọ́ síta, mo gbé bùtá tí a fi ń ṣe àlùwàlá, mo da omi rẹ̀ lé ara mi lórí. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ti dá àdúrà dúró. Ìyá Músílíù wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Irú iná wo ni èyí, Ìyá Ràfíù, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan ló ń jó láàárín wa?"

Kò dárúkọ àjẹ́. Wọn kì í dárúkọ rẹ̀. Wọ́n kàn ń sún ẹní wọn ni. Èyí tó jókòó sápá ọ̀tún mi sún, èyí tó wà lápá òsì sún, èmi nìkan ṣẹ́ kù sáàárín bí igi ìgbá tí iná igbó jó kù. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ, àwọn ìyá ọlọ́mọ kì í jẹ́ kí ọmọ wọn gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Ìyá Gàníyù, tí wọ́n fẹ́ sí Ìléro. Òun ló kù mí kù lọ́mọ ìyá. Mo ránṣẹ́ sí i nípasẹ̀ ẹni tó ń lọ sílé, pé kó wá sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ṣakí lọ́jọ́ báyìí, pé màá pè é. A dúró pẹ́ kí wọ́n tó so wá pọ̀. Ohùn rẹ̀ jìnnà bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, mo sọ gbogbo ohun tó ń ṣe mí, mo sì bi í léèrè bóyá irú rẹ̀ ṣe ìyá wa rí. Ó dákẹ́ débi pé mo rò pé wáyà ti já.

"Ó ṣe wọ́n," ó ní.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Ó ṣe èmi náà. Ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù kọ́ nìyẹn. Mú sùúrù, àbúrò mi, á kọjá lọ."

Wáyà wá já lóòótọ́. Mo dúró sínú yàrá kékeré yẹn, mo di tẹlifóònù mú, inú sì bí mi débi pé mi ò gbọ́ pé wọ́n ń kan gíláàsì kí n jáde. Ìyá mi ti kú, Ọlọ́run fi wọ́n sí Àlùjánnà, ṣùgbọ́n mo bínú sí wọn lọ́jọ́ náà. Ìyá mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di aṣọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù. Wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lóyún, bí wọ́n ṣe ń rọbí, bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọkọ lọ́rùn. Gbogbo ohun tí ara mi lè fi wúlò fún ẹlòmíràn ni wọ́n là sílẹ̀ fún mi. Ó wá kan èyí tó jẹ́ tèmi nìkan, wọ́n pa ẹnu mọ́.

Nígbà tó yá, ọkọ mi mú mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ọkọ mi ni dókítà dojú kọ tó ń bá sọ̀rọ̀. Kò wo ojú mi. Agbẹ̀bí kan wà níbẹ̀ tó máa ń bá àwa Ànàgó túmọ̀ Faransé, ọmọ Kétu ni, Ìyá Dení ni wọ́n ń pè é. Ó jù mí lọ díẹ̀. Ó túmọ̀ ohun tí dókítà wí: pé kò sí ohun tó ṣe mí, pé mo ti darúgbó ni, kí n lọ máa sinmi, kí n sì máa lo oògùn oorun. Ọkọ mi dúpẹ́ gan-an. Mo rí i pé ojú Ìyá Dení le bó ṣe ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi wá sí ṣọ́ọ̀bù wa bí ẹni tó wá ra abọ́. Ó dúró títí ọkọ mi fi lọ sí mọ́ṣáláṣí, ó wá fa àga, ó jókòó sí iwájú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá Kétu bá mi sọ̀rọ̀, tó dùn létí mi bí ohùn àwọn ìyá wa àgbà. Ó ní ó ṣe òun náà. Ó ní kò sí àjẹ́ níbẹ̀, kò sí ibà níbẹ̀, pé ohun tó ń mú obìnrin rí nǹkan oṣù ló ń palẹ̀ mọ́ nínú ara, bó bá sì ń palẹ̀ mọ́, gbogbo ilé á dàrú fúngbà díẹ̀. Mo sunkún. Kì í ṣe pé inú mi bàjẹ́. Ẹni àkọ́kọ́ nìyẹn tó jókòó sọ ọ́ fún mi.

Mo bi í pé kí wá ni kí n lò. Ó wo àga tí mo jókòó lé.

"Ìjókòó yìí ń pa ọ́ lára," ó ní. "Dìde kó o máa rìn. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ooru náà á lọ pátápátá. Ṣùgbọ́n oorun á padà wá, egungun rẹ ò ní gbẹ, ọkàn rẹ á sì fúyẹ́. Rìn débi pé wàá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n o ò ní lè kọrin."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè máa dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan, kí n tún jókòó, kí n tún dìde. Ó ní kí n máa gbé abọ́ tó ní omi nínú sókè, kí n rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ní eré ìdárayá ni wọ́n ń pè é. Mo ní fún un pé ní Ṣakí, ayé là ń pè é. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Mo ra bàtà kánfáàsì. Bí mo bá ti kírun ìdájí tán, màá jáde, màá kọrí sí afárá tó gba orí ọ̀sà kọjá. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò tíì dé ìdí afárá tí mo fi di igi iná títì mú, tí mò ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Ìtìjú mú mi. Èmi tí mo máa ń ru iṣu láti oko, tí màá sì tún máa bá ẹni tó wà lẹ́yìn sọ̀rọ̀ lọ! Mo bínú sí ẹsẹ̀ mi, mo bínú sí àga yẹn, mo bínú sí ọkùnrin tó pe àga ní ìgbádùn. Ìbínú yẹn ló tì mí jáde lọ́jọ́ kejì.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi dé orí afárá. Ó wá di pé mo lè là á já. Òwúrọ̀ kan, mo dúró lókè níbẹ̀, mo wo bí oòrùn ṣe ń yọ lórí ọ̀sà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi lára, ooru náà sì dé, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mi ò sá. Mo jẹ́ kó dé, mo jẹ́ kó lọ, mo sì tẹ̀ síwájú. Mi ò tíì rí irú ayọ̀ yẹn ní Àbíjàn ṣáájú ọjọ́ náà. Oorun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí. Orúnkún mi dákẹ́ ariwo. Ooru ṣì ń wá, ṣùgbọ́n kò jẹ́ olúwa mi mọ́. Àwọn tó ń ta ẹja nídìí afárá wá mọ̀ mí, wọ́n á nawọ́ sí mi láàárọ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ànàgó o, ṣùgbọ́n wọ́n ń pè é báyìí bí ẹni tó ń pe ẹni tó mọ̀.

Àwọn ará ilé mi gan-an ni kò rọrùn fún. Ọ̀rọ̀ ti dé etí ọkọ mi pé ìyàwó rẹ̀ ń ju apá kiri títì láàárọ̀ kùtùkùtù bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Àwọn mìíràn ní ọkùnrin kan ni mò ń lọ bá. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní dókítà tó kàwé ní kí n sinmi, ta ni agbẹ̀bí? Mo jáde lọ́jọ́ kejì. Ó gbé bàtà kánfáàsì mi pamọ́. Mo wọ sálúbàtà. Ó gbé sálúbàtà. Mo rìn ní ẹsẹ̀ lásán, títí dé orí afárá, mo sì rìn bọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi bó, mo sì la iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá kó lè rí mi.

Ó wá kó mi lọ síwájú àwọn àgbà ará Ṣakí. Ní pálọ̀ alága ni, àwọn ọkùnrin jókòó sórí àga, àwa obìnrin wà lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Ìyá Músílíù wà láàárín wọn. Alága fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé ta ni mò ń lọ bá láàárọ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn ló bí mi nínú jù.

Mo ní, "Mi ò lọ bá ẹnikẹ́ni. Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró. Ooru rẹ̀ ló ń mú mi. Ìrìn tí mò ń rìn ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn."

Ẹnìkan ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu. Àwọn mìíràn wolẹ̀. Mo wá yíjú sí Ìyá Músílíù. Mo kúnlẹ̀ fún wọn, nítorí àgbà ni wọ́n, mo sì bi wọ́n léèrè láti orí ìkúnlẹ̀: "Ìyá, nígbà tí ẹ̀yin wà ní ọjọ́ orí mi, ṣé iná yìí kò jó yín?"

Wọ́n ń fi ọwọ́ fa òwú létí ẹní. Wọn kò wò mí. Gbogbo obìnrin tó wà lórí ẹní yẹn tó ti kọjá àádọ́ta ọdún ló mọ ohun tí mò ń wí, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó la ẹnu. Mo ti dárí ji àwọn ọkùnrin yẹn díẹ̀. Wọn kò mọ̀. Àwọn obìnrin yẹn mọ̀.

Àwọn àgbà ní kí n padà sí Ṣakí kí àwọn ẹbí lè tọ́jú mi. Nígbà tí a dé ilé tí a ń gbé ni ọkọ mi tó sọ ìyókù. Wọ́n ti ń bá a wá ìyàwó kékeré, ọmọ Ìlúà, ọ̀rọ̀ sì ti wọ̀ dáadáa. Yàrá mi ni wọ́n ń wá.

Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà tí mo dé Ṣakí. Eruku ti bo gbogbo àpáta, ètè àwọn ènìyàn ti bó, wọ́n ń fi òrí pa á. Àwọn ẹbí ọkọ mi gbà mí bí ẹni tó gba ẹyin tó ti là. Bí mo bá jáde lọ rìn láàárọ̀, wọ́n á ní kí ọ̀kan nínú wọn máa tẹ̀lé mi lókèèrè. Kì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ ẹ́. Mo ti rò pé bí mo bá ti rí òkè báyìí, ara mi á mọ̀ pé mo délé. Mo rí òkè. Ara mi kò mọ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti ń wo ènìyàn bí àlejò tó gbé àrùn dé, bí ibẹ̀ bá tilẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n sin ìwọ́ rẹ̀ sí, ṣé ilé ni?

Mo lọ sí Ìléro lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kí n jókòó pẹ́. Wọ́n ní ó wà lóko. Mo ní oko wo ni obìnrin ọjọ́ orí rẹ̀ ń sùn sí? Wọ́n ń wo ara wọn. Mo ní kí ọlọ́kadà kan gbé mi lọ, ọ̀nà igbó tóóró ni a gbà, a sì bá a nínú ahéré kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbẹ bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Nígbà tó fẹ́ dìde kí mi, ó di òpó mú.

Ibẹ̀ ló ti wá sọ èyí tí kò lè sọ lórí tẹlifóònù. Nígbà tí ooru bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀, tí kì í sùn, tó máa ń jáde síta láti gba atẹ́gùn, ọmọ kékeré kan kú nínú agbo ilé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní kí ló ń wá ní ìta lóru. Wọn kò lù ú, wọn kò lé e. Wọ́n kàn ní kó lọ máa bá wọn ṣọ́ oko. Ọkọ rẹ̀ gbà. Gàníyù ọmọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ó sì gbà pẹ̀lú. Ọdún ti gorí ọdún. Lọ́jọ́ tí mo pè é, ṣe ló yọ́ kúrò lóko láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo bi í pé kí ló dé tí kì í rìn, tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú báyìí. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ ta ni kí n rìn lọ?"

Mo kígbe nínú oko yẹn. Mi ò mọ ohun tí mo wí. Àwọn ẹyẹ fò. Nígbà tí mo kígbe tán, mo sùn tì í. Mo wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ọyẹ́ fi kásẹ̀ nílẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń fà á dìde. A kọ́kọ́ ń yí ahéré po, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ó ń bú mi. Lẹ́yìn náà a gba àárín ebè, lẹ́yìn náà a dé ìdí igi ìgbá, a dé odò. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dìde lórí àpótí láì di òpó mú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìyá wa. Òwúrọ̀ kan ló fúnra rẹ̀ jí mi, ó ní ṣé a ò ní lọ ni.

Lọ́jọ́ tí mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á, a kò dúró nídìí odò. A rìn títí a fi wọ Ìléro, ní ojúmọmọ, a gba àárín ọjà, a wọ agbo ilé ọkọ rẹ̀. Wọ́n ń fọ́ àgbàdo lábẹ́ igi. Mo kí wọn. Mo ní Ìyá Gàníyù ti padà wálé, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ wí wí i nísinsìnyí, lójú rẹ̀, lójú mi. Ọkọ rẹ̀ ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo bí ìyàwó rẹ̀ ṣe dúró láìdi ohunkóhun mú, ó sì padà sídìí àgbàdo rẹ̀. Ìyàwó ilé kan tó lóyún sínú ló dìde, ó bu omi tútù fún un, ó kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mu ún. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó sì ń gbá eruku rẹ̀ jáde nígbà tí mo fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọkọ mi ránṣẹ́ lẹ́yìn náà pé bí ara mi bá ti balẹ̀, kí n padà wá, pé ìyàwó kékeré kò mọ ṣọ́ọ̀bù tọ́jú. Mo padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò padà sílé rẹ̀. Mo gba yàrá ní àdúgbò Ìyá Dení, mò ń ta elùbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń kó ránṣẹ́ sí mi. Mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn, mo fi orí ara mi ru ẹrù, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo sì fi ń la afárá yẹn já kí n tó wálé pátápátá. Àwọn obìnrin díẹ̀ wá ń bá mi rìn. Ìyá Músílíù kò wá rí.

Ṣùgbọ́n kí n tó padà lọ nígbà náà, mo yà sí Ìsẹ́yìn lọ kí Rámátù ọmọ mi, tó ti di tíṣà níbẹ̀, tó sì ti lọ́kọ. A jókòó sí àgbàlá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Bàbá ọkọ rẹ̀ wà lórí àga nítòsí, ó ń gbọ́ rédíò, àwọn ayálégbé ń dáná, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń ta ayò. Rámátù bi mí pé kí ló gbé mi wálé, kí ló tún ń gbé mi lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí nǹkan oṣù ṣe máa ń dáwọ́ dúró, bí ooru rẹ̀ ṣe máa ń gun ọrùn, bí oorun ṣe máa ń lọ, àti bí wọ́n ṣe ń rìn ín títí ara á fi gbà. Mo ní á ṣe é lọ́jọ́ kan, kó má bẹ̀rù, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í sínú ahéré nítorí rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀ ti yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ń ta ayò ti dáwọ́ dúró.

Rámátù na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú. Ojú ń tì í. "Ìyá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ń gbọ́."

Mo ní kí wọ́n máa gbọ́.